Ẹsẹ̀ Ni Òbí Fi Ń Fèsì: Ìtàn Òbí àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu olóṣèlú àti olùkọ́ nígbà tí wọ́n bá ń rọ òbí pé kí ó rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí a kì í sábà bi ara wa ni pé, ta gan-an ni òwe náà ń bá wí? Òbí ni. Òbí ni ó kọ́ ilé, òbí náà ni ó yẹ kí ó kọ́ ọmọ. Síbẹ̀, bí a bá ṣí ìwé ìtàn ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wa, orúkọ ajíhìnrere, gómìnà, mínísítà àti olórí ìjọba ni a ó máa bá pàdé. Òbí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú ìtàn náà, àfi gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ tàbí tí wọ́n ń bá wí.

Àròkọ yìí fẹ́ yí ojú ìtàn náà padà sí ọ̀dọ̀ òbí. Ilẹ̀ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn méjì nínú ẹ̀ka márùn-ún tí ó para pọ̀ di Ìpínlẹ̀ Èkó. Ohun tí a fẹ́ fi hàn kò ju ẹyọ kan lọ: láti ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, òbí kì í ṣe ẹni tí ó kàn ń gba ohun tí ìjọba bá gbé fún un. Ó ń dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹnu kọ́ ni ó sábà fi ń dáhùn, ẹsẹ̀ ni. Bí ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ yóò gba ibẹ̀. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹsẹ̀ náà yóò yà sí ọ̀nà mìíràn, kò sì ní í kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. Ìjọba tí ó bá ka ẹsẹ̀ yìí dáadáa a máa kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀. Èyí tí kò bá kà á, ọwọ́ rẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ máa ń dahoro sí.

Ẹ̀pẹ́ ní 1898: òbí kọ̀, ìjọba sì bi í ní ìdí

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní Èkó ní ìparí ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó sá lọ pẹ̀lú àwọn ìjòyè, àwọn ọmọ-ogun àti ìdílé wọn. Ibẹ̀ ni ó ti bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi padà sí Èkó ní 1862. Àwọn tí ó bá a padà ni wọ́n tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó ní Erékùṣù Èkó. Àwọn tí kò padà ni a mọ̀ sí Èkó-Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ń bá àwọn Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ gbé títí di òní. Púpọ̀ nínú àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ yìí ni ó jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ̀sìn náà sì ti fìdí múlẹ̀ ní ìlú náà kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ayé ìgbà náà, ọwọ́ àwọn míṣọ́n ni ilé-ẹ̀kọ́ òyìnbó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà tán. Ìwé kíkà àti ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́ jọ ń rìn pọ̀ ni. Ọmọ tí ó wọlé tí ó ń jẹ́ Súlè lè jáde kí ó máa jẹ́ Sámúẹ́lì. Nítorí náà ni àwọn òbí tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ní Èkó, Ẹ̀pẹ́ àti Badagry ṣe fà sẹ́yìn. Àwọn kan nínú òyìnbó pè é ní àìmọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Ọmọ àwọn òbí wọ̀nyí kò jókòó lásán sí ilé. Ilé-kéwú ni ó ń lọ, ó ń gbé wàláà lọ sí iwájú àfáà rẹ̀, ó ń kọ́ bí a ti ń ka lẹ́tà Lárúbáwá àti bí a ti ń kọ ọ́. Ẹni tí ń rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-kéwú kò kórìíra ìwé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ń bi àwọn onílé-ẹ̀kọ́: bí mo bá fi ọmọ mi lé yín lọ́wọ́, ṣé ọmọ mi náà ni ẹ ó dá padà fún mi?

Nígbà tí ìjọba amúnisìn rí i pé àwọn ọmọ Mùsùlùmí kò sí ní ilé-ẹ̀kọ́, ó di dandan fún un láti gbọ́ ìbéèrè yìí. Ní oṣù Keje ọdún 1894, nígbà tí wọ́n ń ṣí Mọ́sálásí Shitta-Bey ní Èkó, Abdullah Quilliam, agbẹjọ́rò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, wá gẹ́gẹ́ bí aṣojú Ọba ilẹ̀ Tọ́kì, ó sì gba àwọn Mùsùlùmí ní ìyànjú pé kí wọ́n má ṣe sá fún ẹ̀kọ́ ìgbàlódé. Gómìnà Gilbert Carter náà bá àwọn aṣáájú Mùsùlùmí jókòó. Edward Wilmot Blyden, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ Onígbàgbọ́ ṣùgbọ́n tí ó mọyì ẹ̀sìn Ìsìláàmù, bá ìjọba ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Àdéhùn tí wọ́n ṣe kò le: a ó máa kọ́ àwọn ọmọ ní Kùránì, a ó sì máa kọ́ wọn ní ìwé òyìnbó pẹ̀lú, kò sí ẹni tí yóò fi ọgbọ́n yí wọn lẹ́sìn padà. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹfà, ọdún 1896, wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àkọ́kọ́ fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó. Ní 1898, ó kan Ẹ̀pẹ́. Ní 1899, ó kan Badagry.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí. Kì í ṣe pé ìjọba fi agbára mú òbí, kì í sì í ṣe pé òbí fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Òbí ni ó kọ̀, ìjọba bi í ní ìdí tí ó fi kọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ sì yí padà kí ọmọ tó wọlé. Lẹ́yìn náà ni àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn gba iṣẹ́ náà ṣe. Ní 1923, àwọn ọ̀dọ́ kan dá Ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó, ọ̀kan pàtàkì nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà sì ni kíkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ Mùsùlùmí lè wọ̀ láìbẹ̀rù. Láti Èkó ni ó ti tàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

1955: owó-orí kí ọmọ tó wọlé

Kí ọdún 1955 tó dé, owó ilé-ìwé ni ó ń pinnu ọmọ tí yóò kàwé. Bí òbí bá bí mẹ́fà, ó lè jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì ni yóò rán lọ. Àwọn yòókù yóò bá bàbá lọ sí oko tàbí sí odò, tàbí kí wọ́n bá ìyá ru ẹrù lọ sí ọjà. Ọmọbìnrin ni ó sì sábà máa ń kẹ́yìn nínú ètò yìí. Kì í ṣe gbogbo òbí ni ó fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀; owó ni kò tó.

Ní oṣù Keje ọdún 1952, S. O. Awókòyà, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni olórí ìjọba náà. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ ohun kan níbí. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kò sí lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó nígbà náà, nítorí pé a kò tíì dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n wà. Ìgboro Èkó nìkan ni wọ́n yọ sọ́tọ̀ ní 1954 gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú tí ó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọ Ìkòròdú àti ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, nígbà tí ọmọ ìgboro Èkó ní láti dúró di 1957. Lẹ́ẹ̀kan yìí, ará òkè odò ṣáájú ará ìgboro.

Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò ní í sanwó. Ìjọba bu owó-orí lé gbogbo àgbàlagbà tí ń san owó-orí, ṣílè mẹ́wàá àti sísì lọ́dún, fún ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ariwo ta. Bàbá tí kò ní ọmọ ní ilé-ìwé ń bèèrè ìdí tí òun yóò fi san owó ọmọ ẹlòmíràn. Bàbá tí ó ní ọmọ ń bèèrè ẹni tí yóò bá òun ṣe iṣẹ́ oko bí gbogbo ọmọ bá lọ kàwé. Owó ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ òbí ṣáájú, ilé-ẹ̀kọ́ kan kò sì tíì ṣí ilẹ̀kùn. Nígbà tí ìdìbò sí ilé aṣòfin ìjọba àpapọ̀ dé ní ìparí ọdún 1954, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ tí Awólọ́wọ̀ ń darí fìdí rẹmi ní Ìwọ̀-Oòrùn, Ẹgbẹ́ Alákùkọ sì borí. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé owó-orí yìí wà lára ohun tí ó fà á.

Ìjọba kò fà sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kìíní, ọdún 1955, ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọ́n lé díẹ̀ ní 450,000 ní 1954, lọ sókè di ohun tí ó lé ní 800,000 láàárín ọdún kan. Òbí kan náà tí ó kígbe owó-orí ni ó fa ọmọ lọ́wọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ni kò ní ìwé ọjọ́-ìbí. Nítorí náà, olùkọ́ yóò ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá láàárín orí kí ó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá tó etí, ọmọ ti tó ilé-ìwé. Bí kò bá tó o, kí ó padà sí ilé kí ó tún jẹun fún ọdún kan sí i. Àwọn bàbá àti ìyá àgbà tí wọ́n ṣì wà láàyè lè fi ọwọ́ ara wọn júwe ìdánwò yìí fún yín.

Ìṣòro kò pẹ́ yọjú. Ọdún mẹ́jọ ni ọmọ ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ètò tuntun sọ ọ́ di mẹ́fà. Olùkọ́ tí ó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò tó, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó dúró níwájú kíláàsì ni kò sì tíì kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rárá. Òbí tí ó ti mọ ohun tí ọmọ ìwé mẹ́fà ń ṣe láyé míṣọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ tirẹ̀ wé e. Ìgbìmọ̀ Banjo tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé kalẹ̀ ní ìparí ọdún 1960 láti yẹ ètò ẹ̀kọ́ wò gbà pé ẹjọ́ àwọn òbí kì í ṣe irọ́, ó sì tọ́ka sí àìtó olùkọ́ tí ó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Àwọn olóyìnbó a máa sọ pé òbí aláìmọ̀wé kò lè mọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dára yàtọ̀. Ìtàn yìí já wọn nírọ́. Kì í ṣe dandan kí ènìyàn mọ ìwé kà kí ó tó mọ̀ pé ọmọ òun kò mọ̀ ọ́n kà.

Ayé Jakande: òwúrọ̀ àti ọ̀sán

Ní ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, ọdún 1967, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ sì bọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976, ìjọba ológun àpapọ̀ lábẹ́ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Àwọn ọmọ tún ya wọlé. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kò tó, ó sì di pé kí ilé-ẹ̀kọ́ pín ọmọ sí ọ̀nà méjì: àwọn ará òwúrọ̀ àti àwọn ará ọ̀sán.

Ẹni tí kò bá rí irú ayé yẹn lè má mọ ohun tí ó túmọ̀ sí fún òbí. Ìyá tí ó ní ọmọ kan ní òwúrọ̀ àti òmíràn ní ọ̀sán kò ní ìsinmi. Ẹni tí ń lọ ní ọ̀sán yóò ti ṣeré, yóò ti kiri ọjà, yóò ti rẹ̀ ẹ́ kí ó tó dé kíláàsì, oòrùn yóò sì ti mú kí orí olùkọ́ gbóná. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ìyá yóò máa wo ojú ọ̀nà nítorí pé ilẹ̀ ń ṣú.

Lateef Káyọ̀dé Jakande di gómìnà ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 1979. Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, àdúgbò tí àwọn tí ó bá Kòsọ́kọ́ ti Ẹ̀pẹ́ dé tẹ̀ dó, ni wọ́n ti bí i ní 1929, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Òmù-Àrán ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ó fòpin sí sísan owó ilé-ìwé, ó pín ìwé fún àwọn ọmọ, ó sì kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kánmọ́kánmọ́ kí ètò òwúrọ̀ àti ọ̀sán lè dópin. Àwọn yàrá náà kò lẹ́wà. Wọ́n rẹlẹ̀, wọ́n gùn gbọọrọ, àwọn alátakò sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé adìyẹ ni. Yorùbá ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, lóòótọ́ sì ni pé ọ̀pọ̀ nínú ilé wọ̀nyí ni kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òbí ni ó ń pè é ní ilé adìyẹ. Fún òbí, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní tòsí, tí gbogbo ọmọ rẹ̀ ń lọ ní òwúrọ̀, tí wọ́n sì ń padà dé kí oòrùn tó wọ̀, kì í ṣe ohun yẹ̀yẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń pe orúkọ Jakande pẹ̀lú ìfẹ́ títí tí ó fi kú ní oṣù Kejì ọdún 2021, tí wọ́n sì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Nígbà tí ẹsẹ̀ yà sí ọ̀nà mìíràn

Nínú ìjọba Jakande kan náà ni ẹjọ́ ńlá kan ti wáyé. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹta, ọdún 1980, ìjọba kéde pé láti oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, kò gbọdọ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni mọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Èrò ìjọba ni pé ọmọ olówó àti ọmọ tálákà yóò jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Àgbà Bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Kátólíìkì ní Èkó, Anthony Okogie, àti àwọn mìíràn gbé ìjọba lọ sí ilé-ẹjọ́. Ìdájọ́ náà dé sí ọwọ́ Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn: òfin ilẹ̀ 1979 fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti gba ìmọ̀ àti láti tan ìmọ̀ kálẹ̀, dídá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Pé ìjọba fẹ́ pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dára, ṣùgbọ́n èyí kò fún un ní àṣẹ láti gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Láti ọjọ́ náà, òbí ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọ̀nà méjì níwájú rẹ̀. Ní àkọ́kọ́, àwọn olówó ni wọ́n ń gba ọ̀nà kejì. Nígbà tí ó ṣe, nǹkan yí padà. Lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ti 1986, owó oṣù olùkọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ra nǹkan mọ́. Ní 1991, ìjọba ológun fa ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, owó oṣù olùkọ́ wọ́n bí ojú, ìyanṣẹ́lódì sì ń tẹ̀lé ìyanṣẹ́lódì, títí wọ́n fi dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ padà ní 1993. Òbí tí ọmọ rẹ̀ jókòó sílé fún oṣù bíi mélòó kan kò lè máa wo àwọn ọ̀gá lójú. Ó gba ilé-ẹ̀kọ́ kékeré tí ẹnì kan ṣí sí ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀ lọ.

Ìkòròdú ni a ti lè rí èyí dáadáa. Ìlú náà ń fẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹni tí owó ilé ìgboro Èkó wọ̀ lọ́rùn ni ó ń kó lọ síbẹ̀. Ìkànìyàn 2006 fi hàn pé àwọn ará Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìkòròdú ju 500,000 lọ, ti Ẹ̀pẹ́ sì lé díẹ̀ ní 180,000. Àdúgbò tuntun a máa dé kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó dé ibẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ka ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní 2010 sí 2011, ó bá ohun tí ó lé ní 12,000 káàkiri ìpínlẹ̀ náà, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kò ju nǹkan bí 1,000 lọ. Ju ìdajì àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìpínlẹ̀ náà ni ó wà lọ́wọ́ aládàáni. Olówó nìkan kọ́ ni ó lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Alájàpá, bíríkìlà, télọ̀ àti awakọ̀ wà nínú wọn.

Kí ni wọ́n ń wá? Ẹ bi òbí mẹ́wàá, ẹ ó gbọ́ ohun tí ó jọra. Wọ́n fẹ́ kí olùkọ́ wà níbi iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ díẹ̀ wà ní kíláàsì. Wọ́n fẹ́ ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọmọ títí ìyá yóò fi ti ọjà dé. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní kíákíá, nítorí pé òun ni wọ́n kà sí ẹ̀rí pé owó wọn kò ṣègbé. Ní ìdí èyí, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ a máa fi ìyà jẹ ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá. Wọ́n sì fẹ́ ààbò. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, nígbà tí àwọn ajínigbé kó ọmọ mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Igbónlá lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n sì mú wọn pamọ́ fún ohun tí ó ju oṣù méjì lọ, kò sí òbí ní agbègbè náà, títí kan àwọn tí ọmọ wọn ṣì wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí kò wo ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí òbí wá ohun tí ó dára fún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpalára kan wà nínú ìrìn yìí tí a kì í sábà kà. Àwọn tí ó kọ́kọ́ ń lọ ni àwọn tí ohùn wọn lè dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà: òṣìṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò ńlá, olóṣèlú, àní olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọmọ alága ìbílẹ̀ wà ní kíláàsì, òrùlé tí ó ń jò kì í pẹ́ kí a tó tún un ṣe. Nígbà tí ọmọ alága ti lọ, ta ni yóò sọ fún un pé òrùlé ń jò? Ìyá ẹlẹ́ja tí ó ní láti wà ní ọjà Ẹ̀pẹ́ ní ìdájí kò lè wá sí ìpàdé òbí àti olùkọ́ tí wọ́n pè sí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Bí ó bá sì wá, ó lè bá a pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Báyìí ni ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò ṣe ń pàdánù ohùn rẹ̀ kí ó tó pàdánù ọmọ rẹ̀.

Òfin tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀

Ní 1999, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ tí a mọ̀ sí UBE, ó sì sọ ọ́ di òfin ní 2004. Ojú méjì ni òfin yìí ní, ojú kan ṣoṣo ni a sì sábà máa ń fi han òbí. Ojú àkọ́kọ́ ni ìyà: òbí tí kò bá rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré, ìbáwí ni yóò kọ́kọ́ gbà, bí ó bá tún ṣe é, ó lè san ₦2,000 tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù kan, lẹ́yìn èyí, ₦5,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjì.

Ojú kejì ni ẹ̀tọ́. Òfin kan náà sọ pé ọ̀fẹ́ ni ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ń pèsè, ó sì ka àwọn nǹkan náà lẹ́sẹẹsẹ: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àga àti tábìlì, àti oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tí ó bá gba owó lórí wọn ti ṣẹ̀ sí òfin, ó sì lè san owó ìtanràn tí kò ju ₦10,000 lọ tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Òbí mélòó ni ó mọ èyí? Òbí tí wọ́n ní kí ó ra àga fún ọmọ rẹ̀ a máa rò pé ojú-rere ni ìjọba ń ṣe fún òun tí ó bá dín owó rẹ̀ kù. Kò mọ̀ pé òfin ti fi àga náà fún ọmọ òun.

Kí a má ṣe purọ́, olùkọ́ pẹ̀lú wà nínú ìdẹkùn. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba kò fún ní ṣọ́ọ̀kì, tí kò fún ní owó tí yóò fi tún ìlẹ̀kùn ṣe, tí òfin sì ní kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí, ọ̀nà wo ni yóò gbà? Nítorí èyí ni àwọn ìgbìmọ̀ tí òbí, olùkọ́, àwọn àgbà àdúgbò àti akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ti ń jọ bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ ṣe wáyé láàárín ẹ̀wádún àkọ́kọ́ ọ̀rúndún yìí. Níbi tí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti ń jókòó ní tòótọ́, tí a ń ka owó síta, tí a sì ń fi Yorùbá ṣe ìpàdé ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní ọjọ́ ìsinmi kí alágbàṣe lè wá, òbí a máa rí i pé ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kan òun. Níbi tí ó bá jẹ́ orúkọ lásán lórí pátákó, kò sí ohun tí yóò yí padà.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn náà

Bí a bá to ìtàn yìí jọ, a ó rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ni òbí ti gbà dáhùn. Ní Ẹ̀pẹ́, kí 1898 tó dé, ó kọ̀ láti wọlé títí wọ́n fi gbọ́ ohun tí ó ń bèèrè. Ní 1955, ó jà lórí owó, ó fi ìbò sọ ìbínú rẹ̀, síbẹ̀ ó mú ọmọ wá nígbà tí ó rí ilẹ̀kùn tí ó ṣí. Láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn wá, ó ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìsọ̀rọ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìkẹta yìí ni ó léwu jù. Ẹni tí ó kọ̀, a lè bẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó ń jà, a lè bá a dúnàá-dúrà. Ẹni tí ó ti lọ láìwí, ta ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí òbí bá wá jà kí ẹ tó ka ìwé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kọ. Bí ọmọ mẹ́ta bá kúrò ní kíláàsì láàárín táàmù kan, ẹ bi ìyá wọn ní ìdí, kì í ṣe láti bá a wí, bí kò ṣe láti gbọ́. Gómìnà òyìnbó ní ayé ọjọ́un ṣe é. Kò yẹ kí ó nira fún wa. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ ìwádìí wà fún yín ní ilé yín. Ẹ bi àwọn bàbá àti ìyá yín àgbà nípa ọjọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ kan etí, iye tí wọ́n san, ẹni tí ó lọ àti ẹni tí kò lọ nínú ọmọ ìyá wọn, àti ìdí rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá. Ìtàn yìí ń bá àwọn àgbà lọ sí ọ̀run lójoojúmọ́.

Ẹnìkan ní í bí ọmọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò ni ó yẹ kí ó jẹ́ ibi tí igba ènìyàn náà ti ń pàdé. Bí ọgọ́rùn-ún bá ti kó ọmọ tiwọn lọ, kí ọgọ́rùn-ún tí ó kù má ṣe dákẹ́, kí àwọn tí ó lọ má sì ṣe gbàgbé pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀ ni àwọn ọmọ tiwọn yóò jọ gbé ìlú kan náà lọ́la.